Kọfí inú igbó Kafa: ó wọ́n o, àmọ́ màá tún rà á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé kọfí wo ni mò ń mu báyìí, òun nìyí: kọfí Etiópíà, láti Kafa, lápá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè yẹn. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti rà á, hóró rẹ̀ lódindi ni wọ́n ń tà, èmi ni mò ń lọ̀ ọ́ fúnra mi. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti súpámákẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí lẹ́nu. Kò korò rárá, ẹni tó bá jẹ́ pé kọfí inú agolo tá a máa ń da mílíìkì àti ṣúgà sí nìkan ló mọ̀, á yà á lẹ́nu pé kọfí lèyí. Ó kan lẹ́nu díẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo kíṣìnì, bó bá sì ṣe ń tutù lọ nínú ife ni adùn rẹ̀ ń jáde sí i. Tòun tèèpo ni wọ́n sá èso rẹ̀ sóòrùn lórí pẹpẹ kí wọ́n tó yọ hóró inú rẹ̀, ibẹ̀ ni adùn yẹn ti wá.

Àmọ́ ohun tó mú mi kọ gbogbo eléyìí gan-an ni ẹ̀yìn báàgì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé abẹ́ igi ńláńlá inú igbó ni kọfí yìí ti so, wọ́n sì dárúkọ àwọn igi ọ̀hún! Cordia wà níbẹ̀, ẹbí igi ọmọ̀ táwọn ará ilé wa fi ń gbẹ́ ìlù, Albizia náà wà níbẹ̀, ìyẹn ìdílé ayùnrẹ́. Inú mi dùn gan-an. Ẹ̀yin tí bàbá yín ní oko kòkó ní Oǹdó tàbí Ilé-Olújì, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ta ló máa gbin ọmọ kòkó sí gbangba láìsí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ṣíji bò ó, ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ti tó láti pa á. Arabica, ìyẹn irú kọfí tí mò ń sọ yìí, ò tiẹ̀ lè fara da ooru tó kòkó, ibi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 18 sí 22 Celsius ló ti máa ń ṣe dáadáa jù. Abẹ́ igi máa ń tutù lọ́sàn-án, èso á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, ewé tó ń já bọ́ á bo ilẹ̀ kó má gbẹ, á sì jẹrà di ajílẹ̀, Albizia tún ń fi nitrogen, ìyẹn oúnjẹ fún ohun ọ̀gbìn, sínú ilẹ̀.

Ayé sì ń gbóná o. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ nípa ewéko ní Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣírò rẹ̀ pé tó bá fi máa di 2080, ibi tí ojú ọjọ́ ti gba Arabica láyè láti dá hù nínú igbó máa dín kù ní ìdá 65 nínú 100, ìyẹn tó bá ṣẹnuure, tó bá burú jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ìkankan. Igbó apá Kafa yẹn náà sì ni Arabica ti ṣẹ̀, oríṣiríṣi irú rẹ̀ tí wọn ò tíì máa gbìn lóko ṣì wà níbẹ̀. UNESCO ti fi Kafa sára àwọn biosphere reserve, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fẹ́ dáàbò bo igbó àtàwọn tó ń gbé ibẹ̀ pọ̀, láti 2010, àmọ́ ìwé ò lè dá ẹni tó fẹ́ gégi dúró tí kọfí abẹ́ igi ò bá mówó wọlé fún àwọn ará ibẹ̀. Òótọ́ ni pé kọfí abẹ́ igi kì í so tó ti gbangba, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kó wọ́n.

Ibi tí ṣọ́ọ̀bù yìí kù sí nìyí: wọn ò kọ iye tí wọ́n san fún àgbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Wọn ò kọ déètì tí wọ́n yan hóró rẹ̀ lórí iná náà. Síbẹ̀ wọ́n sàn ju ibòmíì tí mo ti ra èyí tí wọ́n kọ “shade grown”, ìyẹn pé abẹ́ òjìji igi ló ti so, gàdàgbà sí lára, kò sórúkọ ìlú, kò sórúkọ igi kankan. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí àmì Bird Friendly ti Smithsonian, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ní òfin nídìí, ewé igi gbọ́dọ̀ bo ó kéré tán ìdá 40 nínú 100 oko náà, kò sì gbọdọ̀ sí kẹ́míkà.

Tẹ́ ẹ bá máa ra ti Kafa yìí, ẹ ra hóró, ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná jù, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ní déètì tí wọ́n yan án kẹ́ ẹ tó sanwó.