Ìwé kanji tí wọn kò tẹ̀ mọ́: èwo ni kí ẹ rà, ọ̀dọ̀ ta sì ni kí ẹ ti rà á?

Ẹni tó bá ti ń kọ́ èdè Japan bọ̀ fún ìgbà díẹ̀ á ti gbọ́ orúkọ Kenneth Henshall. Ìwé rẹ̀, A Guide to Remembering Japanese Characters, tí ilé iṣẹ́ Tuttle tẹ̀ jáde ní 1988, ṣì wà lára èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá kiri. Ó mú kanji, àwọn àmì láti Ṣáínà tí wọ́n fi ń kọ èdè Japan, 1,945 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá, ó sì fi gbólóhùn kúkúrú kan tì í kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀. Ní 2016, Tuttle gbé arọ́pò rẹ̀ jáde, The Complete Guide to Japanese Kanji, tí Henshall àti Christopher Seeley jọ kọ. Ọwọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lẹ ti máa rí ti àtijọ́. Ṣé wàhálà náà tó bẹ́ẹ̀?

Bó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo lowó yín ká, ẹ ra ti 2016. Ìjọba Japan ló ń gbé àkójọ kanji tí aráàlú ń lò lójoojúmọ́ jáde. Ti 1946 jẹ́ 1,850. Ti 1981 jẹ́ 1,945. Nígbà tó di 2010, wọ́n fi 196 kún un, wọ́n yọ 5 kúrò, ó wá di 2,136. Àwọn tí wọ́n fi kún un yìí kì í ṣe àmì tí ojú kì í sábà rí o. 阪 tó wà nínú orúkọ Osaka wà lára wọn, 岡 tó wà nínú Fukuoka àti Shizuoka náà wà níbẹ̀. Kódà 誰, tí wọ́n fi ń béèrè pé “ta ni?”, 2010 ló tó wọlé. Àkójọ 1981 ni ìwé 1988 tẹ̀ lé, nítorí náà ẹ ò ní bá wọn níbẹ̀. Ìwé tó bá dá lé 1,850 tún jìnnà sẹ́yìn jùyẹn lọ: ológbò 猫, bàtà 靴 àti agbòjò 傘, 1981 ni gbogbo wọn wọlé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń wá ìwé kanji àtijọ́, ti ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́, pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo iye àmì tó wà nínú rẹ̀. Òǹkọ̀wé mìíràn máa ń yan iye tirẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá rí 1,850, 1,945 tàbí 2,136, ẹ ti mọ ìgbà tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kódà bí olùtà kò bá kọ ọdún síbẹ̀.

Síbẹ̀, ti 1988 ní ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ gan-an. Àlàyé rẹ̀ kì í gùn. Ti 2016 máa ń wá ìpilẹ̀ àmì dé ìdí, ó ń to èrò àwọn onímọ̀ tí kò fẹnu kò síra wọn, ó ń padà lọ sí bí àwọn ará Ṣáínà ìgbà láéláé ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn á gbádùn rẹ̀. Ó lè sú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí àlàyé ṣókí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá ti àtijọ́, kí ẹ wá ibòmíràn kọ́ 196 tó kù.

Níbo lẹ ó ti rà á? Fún ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ báyìí, AbeBooks àti eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ni mo máa kọ́kọ́ yà sí. Àwọn olùtà orí AbeBooks sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé bí ìwé ṣe rí, ṣùgbọ́n fọ́tò tó wà níbẹ̀ lè má jẹ́ ti ìwé náà gan-an. Lórí eBay, fọ́tò ló pọ̀, àlàyé ló ń wọ́n. Ẹ fi ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, wá a. Àtúntẹ̀ lásán kì í yí nọ́ńbà padà, àtúnṣe ló ń gba nọ́ńbà tuntun. Ṣáájú 2007, nọ́ńbà náà kì í ju oní-10 lọ, oní-13 ló dé lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ gbìyànjú méjèèjì.

Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Japan fún àwọn ará Japan, ọ̀nà yàtọ̀. Nihon no Furuhon-ya, ojúlé ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù níbẹ̀, ló dára jù. Ẹni tó bá wà ní Tokyo lè rìn dé Jimbōchō, àdúgbò tí ìsọ̀ ìwé àlòkù pọ̀ sí, fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùtà kì í fi ìwé ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ ó nílò alágbàtà tó ń bá ni ra ọjà ní Japan, bíi Buyee tàbí ZenMarket, owó wọn àti owó ìfiránṣẹ́ sì lè ju owó ìwé lọ. Ẹ wá 書き込み nínú àpèjúwe: ó túmọ̀ sí nǹkan tí ẹnì kan kọ sínú ìwé, àyàfi bí なし (“kò sí”) bá tẹ̀ lé e. Fún ìwé tó ní àpótí tí ẹ ó máa kọ ìdánrawò sí, èyí ló ṣe pàtàkì jù, torí ẹni tó ti kọ́ ọ ṣáájú yín lè ti kọ gbogbo rẹ̀ kún tán.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo WorldCat, àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ìwé tó wà ní àwọn ilé ìkàwé hàn, bóyá ilé ìkàwé kan nítòsí ní i. Àwọn tó wà ní London lè lo ilé ìkàwé yunifásítì SOAS, tí ìwé Japan pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ẹ ka ogún ojú ewé, ẹ ó mọ̀ bóyá àlàyé náà bá yín lára mu.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé sí olùtà pé kó ya fọ́tò ojú ewé tí ọdún ìtẹ̀jáde wà, ojú ewé kan láàárín, àti ẹ̀yìn ìwé níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá fẹ́ ṣe é, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ olùtà mìíràn.