Síríǹjì mẹ́ta orí àtẹ kẹ́míìsì: èwo ló ń fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sọ́rùn?

Láti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán, ìlú tó bá ti ní ìsọ̀ kẹ́míìsì, wọ́n á ní síríǹjì níbẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: ti mílílítà 2 tàbí 5 tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé yọ, èyí tó máa ń há tí wọ́n bá ti lò ó tán, àti tínńrín ti mílílítà 1 tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi ń gba insulin. Lójú ọ̀pọ̀ oníbàárà, ìkan náà ni gbogbo wọn, èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù ni kí wọ́n mú wá. Ìkan náà kọ́. Kòkòrò HIV, ti hepatitis B àti ti hepatitis C, àrùn méjì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ò mọ nọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ọmọ tó ń gún oògùn ìrora pentazocine fúnra rẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù sínú síríǹjì ni wọ́n ń bá rìn, iye ẹ̀jẹ̀ tí síríǹjì kọ̀ọ̀kan sì ń fi pamọ́ yàtọ̀ síra wọn gan-an.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ bu sóbò díẹ̀ sínú ife, kí ẹ fi síríǹjì tuntun ti mílílítà 5 fà á. Ẹ tì í jáde títí ọ̀pá rẹ̀ á fi kanlẹ̀. Ẹ wá gbé e sójú oòrùn, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀, níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọ inú ike. Ẹ máa rí sóbò tó dúró síbẹ̀, pupa, bí ẹyọ iyùn kékeré. Kò sí bí ẹ ṣe lè tì í tó tó máa jáde, torí ọ̀pá náà ò dé ibẹ̀. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀kan, omi náà á pọ́n; ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀kejì, àwọ̀ rẹ̀ ò ní tíì lọ tán. Ohun tó ń kù sọ́rùn irú síríǹjì bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí mílílítà 0.084. Ẹ wá ṣe bákan náà pẹ̀lú tínńrín ti insulin, tí wọ́n lẹ abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ ike láti iléeṣẹ́: ohun tó ń kù níbẹ̀ ò ju nǹkan bí mílílítà 0.002 lọ. Ojú lásán ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i.

Síríǹjì àkọ́kọ́ yìí, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé yọ, kò burú fún ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lágbára, ó ń fa oògùn dáadáa, ó sì dára fún ìdí àti apá. Ìgbà tí wọ́n bá lò ó lẹ́ẹ̀kejì ló ń di májèlé. Àṣìṣe tó ń bà wá nínú jẹ́ jù ni ti ẹni tó ń sọ pé, “Mo ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀.” Ẹ̀jẹ̀ ti gba ẹnu abẹ́rẹ́ wọ inú ike lọ́hùn-ún, abẹ́rẹ́ tuntun tó bá sì kó sí i, ẹ̀jẹ̀ ẹni àná ló máa gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú irú síríǹjì báyìí, àwọn onímọ̀ ti bá kòkòrò hepatitis C láàyè títí di ọjọ́ 63. Ti hepatitis B lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, bí ẹ̀jẹ̀ náà tilẹ̀ ti gbẹ.

Síse rẹ̀ ńkọ́? Ó lè ba ike rẹ̀ jẹ́, ọ̀pá rẹ̀ sì lè má dì dáadáa mọ́. Sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu abẹ́rẹ́ ò dé inú. Hypo tàbí Jik tí wọn ò bomi là ń ran ni lọ́wọ́ díẹ̀ fún HIV, bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò, tí wọ́n fa híípò náà kún inú rẹ̀, tí wọ́n mì ín fún ìṣẹ́jú 2, tí wọ́n sì tún fi omi mìíràn ṣan án. Fún hepatitis C, kò ṣeé fọkàn tán. Ibi tí tuntun ò bá sí rárá nìkan la lè gbà á láyè.

Èyí tó ń há ni kí nọ́ọ̀sì àti alákẹ́míìsì máa lò. Bí wọ́n bá ti ti ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀, kò ní ṣeé fà padà mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ bèèrè irú èyí tí ẹ ń rà. Ọ̀kan wà tó ń há lẹ́yìn ìtì kan ṣoṣo. Ìyẹn ò ṣeé fi po oògùn oníyẹ̀fun bíi ceftriaxone, torí tí ẹ bá ti omi wọ inú ìgò tán, ó ti há nìyẹn, oògùn ò ní ṣeé fà jáde. Síríǹjì ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi pò ó. Ọ̀kan tún wà tó gba kí ẹ fà á, kí ẹ tì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ ọwọ́ lẹ máa fi ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn ìlò. Ẹni tó bá fẹ́ tún un lò ò ní ṣẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí a ò fi lè fọkàn tán an pátápátá.

Fún ẹni tó ń gún oògùn olóró sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń há kì í ṣe ojútùú. Wọ́n máa ń fa ọ̀pá padà díẹ̀ láti rí ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó tì í. Tó bá há mọ́ wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú oògùn nínú, ti ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n máa yá. Tínńrín ti mílílítà 1 ló yẹ wọ́n, tuntun ní gbogbo ìgbà, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Láti ọdún 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbani nímọ̀ràn pé irú síríǹjì tí kì í fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ ni kí wọ́n máa fún wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrú, ó sì tínńrín, kò dára fún abẹ́rẹ́ ìdí.

Ẹ̀yin alákẹ́míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tà á fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló ń lé ọ̀dọ́ tó bá wá ra síríǹjì. Oògùn ò ní torí ìyẹn tán lọ́wọ́ rẹ̀. Síríǹjì kan lẹni mẹ́rin á jọ máa lò. Ìwádìí ọdún 2018 tí UNODC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti NBS, àjọ ìṣirò Nàìjíríà, ṣe ṣírò àwọn tó ń gún oògùn olóró ní Nàìjíríà sí nǹkan bí 80,000, oògùn ìrora ilé-ìwòsàn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gún. Pentazocine wà lára wọn, àwọn mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látinú ìrora egungun tòótọ́. Ó máa ń jẹ́ kí ẹran ara le gbagidi, kó sì di egbò.

Ẹni tó bá rò pé ìgboro nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kó wo Scott County ní ìpínlẹ̀ Indiana, Amẹ́ríkà. Austin tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́ sílẹ̀ jẹ́ ìlú kékeré tí èèyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4,200. Ṣáájú àsìkò yẹn, àwọn tí wọ́n ń rí HIV lára wọn lọ́dún kan ní gbogbo agbègbè náà ò tó 5. Láàárín Oṣù Kọkànlá 2014 sí Oṣù Kọkànlá 2015, wọ́n di 181. Oògùn ìrora oxymorphone ni wọ́n ń gún, síríǹjì kan náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, òfin ìpínlẹ̀ wọn ò sì gbà kí wọ́n máa pín tuntun. Nínú àwọn 181 náà, ó lé ní 9 nínú 10 tí hepatitis C ti wọ̀ lára.

Síríǹjì tuntun ò sì wo gbogbo rẹ̀ sàn. Ṣíbí tàbí ọmọrí ìgò tí wọ́n fi pò ó, òwú tí wọ́n fi sẹ́ ẹ, ife omi tí wọ́n jọ fi ń ṣan síríǹjì: ẹ̀jẹ̀ lè wà lára gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgò oògùn ńlá tí nọ́ọ̀sì ń ti abẹ́rẹ́ tó ti lò bọ̀.

Lẹ́yìn ìlò, ẹ má dé abẹ́rẹ́ padà. Ibẹ̀ ló ti ń gún ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Páálí ààbò ti lítà 5 ń gba nǹkan bí 100 síríǹjì. Tó bá ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dì í. Níbi tí kò bá sí páálí, kẹ́ẹ̀gì híípò tó nípọn, tó ní ìdérí, á ṣe é. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ò lè gbà á dúró, orí ààtàn sì ni àwọn ọmọ ti ń ṣà á, tí wọ́n á máa fi fín omi síra wọn lára.

Ẹni tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò bá gún, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kó má fún un, kó sì tètè dé ilé-ìwòsàn tó ń tọ́jú HIV, bíi UITH, ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Oògùn ìdènà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Ti hepatitis B ní àjẹsára: mẹ́ta ni fún àgbà, ti òní, ti oṣù kan, ti oṣù mẹ́fà. Hepatitis C kò ní àjẹsára, ṣùgbọ́n oògùn oníhóró ọ̀sẹ̀ 12 ń wò ó sàn fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó bá lò ó pé.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ máa sá jáde lára rẹ̀. Bí òjò bá ti kán sí páálí tí wọ́n kó o sí, tàbí ọ̀rá náà ti là, ẹ dá a padà kí ẹ tó sanwó.