Ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀ tó ń ta ìrìn-àjò "òkè oníná" káàkiri Kàbbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, okun o! Ẹ dákun, bí ìpolówó ìrìn-àjò lọ wo òkè oníná ní Kamẹrúùnù bá dé orí WhatsApp yín, ẹ má tíì sanwó. Ọkùnrin kan ló ń gba àsansílẹ̀ ₦350,000 lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, láti Kàbbà títí dé Ìsánlú. Ọmọ àbúrò ìyá mi wà lára wọn, òun ló jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán tó fi ń fa ojú èèyàn: ihò ńlá kan, tí òkúta yíyọ́ ń hó yaya nínú rẹ̀, ó pupa bí ẹ̀yinná. Nyiragongo nìyẹn, Kóńgò ló wà. Òun ló bú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, tí iná rẹ̀ ṣàn dé ẹ̀bá ìlú Goma. Ti Kamẹrúùnù, èyí tó wà lókè ìlú Buea, ga ju 4,000 mítà lọ. Òun náà kò tíì kú o, ó bú ní 1999, ní 2000 àti ní 2012, ṣùgbọ́n kò sí adágún iná kankan lórí rẹ̀ téèyàn á dúró tì ya fọ́tò. "Ẹ ó rí iná dájúdájú" tó kọ síbẹ̀, irọ́ ni. Ta ló ń dá ọjọ́ fún òkè?

Ó tún ní mọ́tò á gbé yín dé orí òkè láàárọ̀, ẹ ó sì sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún, pẹ̀lú afinimọ̀nà, ọ̀pọ̀ ló sì ń lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Òtútù orí rẹ̀ ju ti ọyẹ́ wa lọ dáadáa, sílípáàsì ni bàbá wa sì kọ sínú ohun tí ẹ ó mú dání! Kò mẹ́nu ba yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Kò sọ pé ìjà àwọn tó fẹ́ yapa ti ń jà ní agbègbè Buea láti 2017. Nígbà tí mo bi í nípa ìnṣọ́ránsì, ó ní òkè kì í pa àlejò. Nígbà tí Whakaari, òkè oníná kan ní Niu Silandi, bú ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àlejò àtàwọn tó mú wọn lọ, èèyàn 22 ló kú.

Mo rí rìsíìtì rẹ̀ fúnra mi. "Buea, DR Congo" ni wọ́n tẹ̀ sí i, òǹtẹ̀ wá wọ́ bo iye owó. Orúkọ ara ẹni ló wà lórí àkántì, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì Lọ́kọ́ja tó fún wa, ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì la bá níbẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù sì ní àwa kọ́ la kọ́kọ́ wá.

Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ rò ó, á ní ààyè méjì péré ló kù, owó á gòkè tó bá di alẹ́. Ẹ jẹ́ kó gòkè.

Ẹni tó bá ti sanwó, kó tètè pe báǹkì rẹ̀, kó ya gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp pamọ́ kí onítọ̀hún tó pa á rẹ́, kó sì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Láàárọ̀ yìí, ó ti yọ àwòrán òkè kúrò lórí nọ́ńbà rẹ̀. Dubai ló ń tà báyìí.