Ilé báńkì kánsù àtijọ́ lórí líìsì ní Birmingham: ṣé ó tó iye tí wọ́n ń pè é?

Lórí àwọn títì ọjà tó ti pẹ́ ní Birmingham, kò ṣòro láti dá wọn mọ̀. Ojú ilé le koko, fèrèsé ga ju orí ènìyàn lọ, ihò ẹ̀rọ ìgbowó tí wọ́n fi pákó dí sì wà lára ògiri. Báńkì ti kó lọ, pátákó agbéléta ló kù. Ẹni tó ń wá ilé oúnjẹ ń wò ó, dókítà eyín ń wò ó, pásítọ̀ náà ń wò ó. Ìdájọ́ wa nìyí kí á tó jinlẹ̀: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún fún oníṣòwò, méjì fún ìjọ, òdo fún ẹni tí kò bá tíì ka ìwé líìsì náà tán. Ògiri ni gbogbo ayé ń wò, bẹ́ẹ̀ ọdún tó kù nínú ìwé ni ọjà tí wọ́n ń tà.

Ìlú yìí mọ iṣẹ́ tí ọdún ń ṣe. Nígbà tí Joseph Chamberlain jẹ́ olórí ìlú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tó bí Corporation Street ní 1875. Kánsù kò ta ilẹ̀ ibẹ̀. Ọdún 75 ni wọ́n fi yá àwọn tó kọ́lé sórí rẹ̀, nígbà tó sì pé, ilẹ̀ àti ilé orí rẹ̀ padà sọ́wọ́ kánsù. Neville, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ Lord Mayor lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, ló wá ṣagbátẹrù báńkì kánsù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1916, tí òfin sì sọ di Birmingham Municipal Bank ní 1919. Owó kéékèèké tí òṣìṣẹ́ ń tọ́jú ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń yá aráàlú lówó ra ilé. Ní 1976 ó wọ agbo àwọn báńkì ìfowópamọ́ TSB. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ àtijọ́ ni à ń sọ. Ẹni tó bá ti gba C of O rí ní Nàìjíríà kò nílò àlàyé púpọ̀: ọdún 99 kì í ṣe títí láé, ìṣákọ́lẹ̀ sì ní ẹni tó ń gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ àtúnkọ́ tí wọ́n ṣe dáadáa, kó lọ sí 301 Broad Street, olú ilé báńkì náà. T. Cecil Howitt ló ya àwòrán rẹ̀, òun náà ló ya ti Baskerville House tó wà nítòsí. Wọ́n ṣí i ní 1933. Yunifásítì Birmingham gbà á ní 2018, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú ní 2021 lórúkọ The Exchange. Wọn kò wó yàrá irin abẹ́ ilẹ̀ tí báńkì fi ń tọ́jú owó. Àpótí kéékèèké tí àwọn oníbàárà fi ń tọ́jú nǹkan iyebíye ṣì wà níbẹ̀, wọ́n wá sọ ibẹ̀ di ohun tí ènìyàn ń wá wò. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání ni, a ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n àpò yunifásítì yàtọ̀ sí tiwa.

Ẹ ka ọdún kọ́kọ́. Irú líìsì méjì ló máa ń wà. Ti àkọ́kọ́ ni líìsì ilẹ̀ ọlọ́dún gbọọrọ, bí 99 tàbí 125, tí ẹ ó san owó ńlá lẹ́ẹ̀kan, tí owó ilẹ̀ ọdọọdún yóò sì tẹ̀ lé e. Èkejì ni líìsì ṣọ́ọ̀bù, ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ń gba owó ilé gidi lórí rẹ̀. Àtúnkọ́ ńlá kò bá ìkejì mu rárá. Bí iṣẹ́ bá jẹ £200,000 lórí líìsì ọdún mẹ́wàá, £20,000 lọ́dún lẹ fi kún owó ilé yẹn kí ẹ tó ta àwo ìrẹsì kan. Lórí ti ọlọ́dún gbọọrọ, iye tó kù ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ síwájú ìwé. Báńkì tó máa yá yín lówó á fẹ́ kí ọdún tó kù fi púpọ̀ ju ọdún tí ẹ ó fi san gbèsè lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín àwọn ènìyàn wa pé ìjọba ti fagi lé owó ilẹ̀. Òótọ́ ni fún ilé gbígbé: òfin 2022 sọ owó ilẹ̀ lórí líìsì gígùn tuntun di òdo. Kò kan ṣọ́ọ̀bù àti báńkì. Ẹ wá ojú ewé tí wọ́n kọ bí owó náà ṣe ń gòkè sí. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń di ìlọ́po méjì ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ gbé kalikulétọ̀: £2,000 lónìí di £32,000 lẹ́yìn ogójì ọdún.

Òfin 1954 lórí onílé àti ayálégbé oníṣòwò fún ẹni tó ń ṣòwò nínú ilé ní ẹ̀tọ́ láti gba líìsì tuntun nígbà tí ti àtijọ́ bá parí. Ohun méjì ló máa ń já ẹ̀tọ́ yìí. Àkọ́kọ́, onílẹ̀ lè ní kí ẹ yọwọ́ nínú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ó gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ìkìlọ̀, ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú. Bí ọjọ́ kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ó lọ búra níwájú lọ́yà mìíràn. Ìwé tí wọ́n bá kù gììrì gbé wá lọ́jọ́ Jímọ̀ fún ìfọwọ́sí lọ́jọ́ Ajé, inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìlà ìyọwọ́ yẹn. Ìkejì, bí ọdún bá pé tí onílẹ̀ sì lè fi hàn pé òun fẹ́ wó ilé náà tàbí tún un kọ́, ilé ẹjọ́ lè kọ̀ yín. Owó ìtùnú wà nínú òfin: iye tí ìjọba fi díwọ̀n ilé náà fún owó orí, tàbí ìlọ́po méjì rẹ̀ bí òwò bá ti wà níbẹ̀ fún ọdún 14. Owó yẹn kì í tó ohun tí ẹ ti ná.

Líìsì tó bá ju ọdún méje lọ, dandan ni kí orúkọ yín wọ ìwé Land Registry. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, lọ́yà gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí OS1 tó ń dáàbò bo yín fún ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹlòmíì má baà wọlé sáàárín. SDLT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ríra ilé tàbí líìsì, ní ọjọ́ 14 péré. Ọ̀rọ̀ VAT wá ni ọ̀pọ̀ kì í bèèrè. Bí onílẹ̀ bá ti yàn láti máa gba VAT lórí ilé náà, £300,000 di £360,000, SDLT yóò sì jẹ́ lórí £360,000 yẹn. Láìsí VAT, ẹ ó san £4,500: òdo lórí £150,000 àkọ́kọ́, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí £100,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá márùn-ún lórí ìyókù. Tí VAT bá wọ̀ ọ́, ó di £7,500, ìṣírò orí owó ilé ọdọọdún sì tún wà lọ́tọ̀. Oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ lè gba VAT padà. Ìjọ kì í sábà lè gbà á, àmọ́ bí ó bá jẹ́ ìjọsìn nìkan ni wọ́n fẹ́ fi ilé náà ṣe, wọ́n lè kọ̀wé sọ fún onílẹ̀ ṣáájú kí VAT má baà wọ̀ ọ́ rárá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é kí iye owó náà tó fìdí múlẹ̀ nínú àdéhùn. Lẹ́yìn náà, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Lórí ohun tí ẹ fẹ́ fi ilé ṣe: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2020, báńkì, ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn tí aláìsàn kì í sùn sí ti wọ kíláàsì E kan náà nínú òfin ìlò ilé. Ẹni tó ń sọ báńkì di búkà olókìkí kò nílò ìyọ̀ǹda kánsù fún ìyípadà yẹn fúnra rẹ̀. Páìpù èéfín tó máa gba ẹ̀yìn ilé jáde, ó nílò ìyọ̀ǹda, èéfín ata dídín sì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn síjà pẹ̀lú ẹni tó ń gbé lókè. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà ní kíláàsì F1. Ìyọ̀ǹda di dandan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kánsù ní láti dáhùn, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ìlù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ọjọ́ Àìkú ni aládùúgbò máa ń kọ́kọ́ mú wá. Ìdí tí a fi fún ìjọ ní ìràwọ̀ méjì nìyẹn. Ohun tó dùn fún ìjọ ni pé ilé ìjọsìn kì í san owó orí ilé ìṣòwò. Kí ẹ sì rántí: kánsù lè gbà kí líìsì kọ̀. Bí ìwé bá sọ pé ọ́fíìsì nìkan, ọ́fíìsì nìkan ni.

Ọ̀nà tó dára jù ni àdéhùn tó ní májẹ̀mú: ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ó gba líìsì bí kánsù bá fún yín níyọ̀ǹda, bí onílẹ̀ bá sì fọwọ́ sí àwòrán iṣẹ́, kí ọjọ́ ìparí kan wà tí ẹ lè fi jáwọ́ láìsan nǹkan. Onílẹ̀ yóò ní kí ẹ san owó lọ́yà àti sọfíyọ̀ tirẹ̀, ẹ sọ iye tí owó náà kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ yẹ ìlà ìdápadà wò pẹ̀lú. Ó sábà máa ń sọ pé ní òpin ọdún kí ẹ dá ilé padà sí bó ṣe wà. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ ti wó yàrá irin, wọ́n wá ní kí ẹ tún un kọ́.

Yàrá irin yẹn gan-an ni ibi tí owó ń rá sí. Kọnkéré ni ògiri, ilẹ̀ àti àjà rẹ̀, irin sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti ògiri ilé lásán lọ. Ẹ gbà pé ògiri kan gùn ní mítà 3, ó ga ní mítà 2.5, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 45. Ó lé ní mítà oníhà-mẹ́ta 3.3, kọnkéré sì ń wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.4 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: tọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Skip ńlá kan, àpótí irin tí wọ́n ń kó àwókù sí, ti kún níyẹn, ògiri mẹ́ta ṣì kù pẹ̀lú àjà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí kọńtírákítọ̀ gbé ẹ̀rọ ìfọ́kọnkéré wọlé lọ́jọ́ kìíní. Irin inú rẹ̀ á di ẹnu ẹ̀rọ mú, ìmìtìtì á gba ògiri àjùmọ̀ní kọjá sí ilé kejì, pílásítà aládùúgbò á sì là. Ayùn oníwáyà tó ní dáyámọ́ǹdì ni wọ́n ń lò, wọ́n á gé e ní bulọ́ọ̀kù bulọ́ọ̀kù, omi á máa ṣàn sí i, ẹrẹ̀ kọnkéré tó bá sì wọ gọ́tà á di òkúta níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹ́ńjínníà bóyá yàrá náà ló gbé ilẹ̀ òkè dúró. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ògiri àjùmọ̀ní, aládùúgbò gbọ́dọ̀ gba ìwé yín ní oṣù méjì ṣáájú. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá tí kò fèsì, òfin kà á sí pé kò gbà, sọfíyọ̀ á sì wọ ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ asbestos náà wà níbẹ̀, nítorí ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 2000 ni. Ìwádìí tó ń fọ́ ògiri wò ni ẹ nílò, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn ń fojú wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé inú ìlẹ̀kùn irin pẹ̀lú, torí wọ́n máa ń fi asbestos kún ikùn ìlẹ̀kùn àtijọ́ kí iná má baà ràn án.

Ìmọ̀ràn wa ni kí ẹ fi yàrá náà sílẹ̀, kí ẹ lò ó. Ó dára fún yàrá oúnjẹ àdáni tàbí ibi ìkẹ́rù gbígbẹ. Kò dára fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀: afẹ́fẹ́ kò wọ̀ ọ́, láàárín oṣù mélòó kan èébu dúdú á ti hù sí igun àjà, ihò fún fáànù sì gba ẹ̀rọ dáyámọ́ǹdì. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, nítorí náà ìlànà ààbò iná kò gbà ju ènìyàn ọgọ́ta lọ níbẹ̀. Kí ẹ sì so ìlẹ̀kùn irin náà mọ́ ògiri ní ṣíṣí, kí ọmọdé má baà fi ṣeré.

Ohun kékeré kan tó ń ba ilé jẹ́: ihò owó alẹ́. Ìdérí idẹ kékeré ni lára ògiri ìta, níbi tí oníṣọ́ọ̀bù ti ń ju àpò owó sí lẹ́yìn tí báńkì bá ti tì. Ẹ̀yìn rẹ̀, kòtò irin kan sọ̀ kalẹ̀ wọ inú. Bí wọ́n bá dí i lójú nìkan, òjò á máa gba ibẹ̀ wọlé, àbàwọ́n á sì jáde ní mítà méjì sí ibi tí omi ti wọlé. Ìsàlẹ̀ àti òkè ni wọ́n ń dí, kí wọ́n fi ìdérí náà sílẹ̀ fún ẹwà.

Kí ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ ní kí wọ́n ṣí yàrá irin náà níwájú yín, kí wọ́n tì í, kí wọ́n tún un ṣí. Bí wọ́n bá ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù tàbí kò sẹ́ni tó rántí nọ́ńbà, ẹ gba iye owó lọ́wọ́ ẹni tó máa lu ìlẹ̀kùn náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó líìsì.