Àpótí kékeré fún pípín agbo oyin: pákó rẹ̀ dára, igi orí rẹ̀ ni kò bá òṣùwọ̀n mu

Àpótí onígi mẹ́jọ tí káfíńtà kan lápá Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, ń kàn fún àwa olóyin, àwa tí ń sin kòkòrò oyin, láti fi pín agbo kan sí méjì nìyí. Pákó rẹ̀ gbẹ dáadáa, ó sì nípọn tó íǹṣì kan. Bí pákó bá fẹ́lẹ́, oòrùn oṣù kejì á gbóná wọnú rẹ̀, ìda á rọ̀, afárá á já, oyin á sì kó lọ. Kò kun inú rẹ̀ lọ́dà, èyí sì tẹ́ wa lọ́rùn gan-an. Ihò àbáwọlé méjì péré ló lu, agbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pín á lè ṣọ́ ọ.

Àbùkù rẹ̀ wà lára igi tí afárá ń so mọ́. Sẹ̀ǹtímítà 3.5 ni ó gé ìbú rẹ̀, òṣùwọ̀n oyin òyìnbó. Oyin tiwa kéré jù wọ́n lọ, 3.2 ló bá a mu. Ẹ má fojú kékeré wo mìlímítà 3: oyin á bẹ̀rẹ̀ afárá lórí igi kan, á so ó mọ́ èkejì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pín in, bí ẹ ṣe ń gbé igi kan ni afárá ń ya, ìdin ń dà sílẹ̀, èèrà sì ti dé. Ẹ ní kí káfíńtà fá igi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí 3.2, kí ó sì gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ 2.4 kan dí àlàfo tó bá kù, torí igi yẹn gan-an ni òrùlé wọn.

Nígbà pípín, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Ẹ kó afárá ọlọ́mọ (èyí tí ẹyin àti ìdin wà nínú rẹ̀) mẹ́ta àti olóyin méjì sínú rẹ̀ pẹ̀lú oyin tó wà lára wọn. Ẹyin tuntun gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí méjèèjì: ẹ yí afárá sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i tó nàró nísàlẹ̀ ihò bí fọ́nrán òwú funfun. Bí ẹyin bá wà níhà méjèèjì, ẹ ò nílò àtiwá ìyá oyin. Àpótí tí kò bá ní ìyá á tọ́ tirẹ̀. Ẹ tún gbọn oyin tó wà lára afárá ọlọ́mọ méjì mìíràn sínú àpótí tuntun, torí àwọn àgbà tó ń jẹko á padà sílé àtijọ́. Bí ẹ bá lè gbé e jìnnà tó kìlómítà 3, bóyá sí ọ̀nà Aláàbàtà, ìyẹn dára jù.

Nǹkan bí ọjọ́ 16 ni ìyá oyin ń lò láti ẹyin títí tí yóò fi jáde, lẹ́yìn náà ni yóò fò lọ pàdé akọ. Ẹ má ṣí i kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹyin kò bá sí nígbà náà, ẹ fún wọn ní afárá ẹlẹ́yin mìíràn.

Àpótí yìí kò ní ẹsẹ̀. Ẹ kàn án mọ́ ọn, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ náà bọ agolo tí ẹ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò sí, nítorí ìjàlọ. Káfíńtà náà gbà láti gé igi sí 3.2 bí ẹ bá tètè sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé òṣùwọ̀n dání lọ, ẹ rà á.