Páìpù Lásán Tàbí Ẹ̀rọ Oníwáyà: Kí Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Rà Láti Fi Ṣọ́ Dáàmù Ẹrẹ̀ Kùsà Kékeré?

Ibi ìwakùsà lè wà lẹ́bàá Iléṣà, kí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ìwé owó wà ní Marina, ní Lagos Island. Ẹni tó jókòó sí Marina yìí ni yóò pinnu irinṣẹ́ tí wọ́n máa fi ṣọ́ dáàmù tí kì í fojú rí lójoojúmọ́. Òun ni mo kọ èyí fún, torí pé àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ dáàmù náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ná ọjà.

Dáàmù tí mò ń wí ni ògiri yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n mọ yí ẹrẹ̀ kùsà ká. Ẹrẹ̀ yìí ni òkúta tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, tí wọ́n ti yọ góòlù inú rẹ̀, tó wá kù rokoṣo bí ògì nínú omi tó ṣeé ṣe kí sáyánáìdì, májèlé tí wọ́n fi ń yọ góòlù, ṣì wà nínú rẹ̀. Kékeré tí mo pè é túmọ̀ sí ògiri tí kò ga tó mítà 15. Kékeré kò ní kó má lè pa èèyàn.

Omi ló sábà máa ń ba dáàmù yẹ̀pẹ̀ jẹ́. Bó bá kún gorí ògiri, á gé e. Bó bá ń gba inú ògiri kọjá, á máa kó yẹ̀pẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì pọ̀ jù láàárín ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà kò ní lè dúró mọ́. Nítorí náà, irinṣẹ́ tó ń sọ ibi tí omi wà ni kó kọ́kọ́ gba owó yín. Èyí tó ń sọ pé ògiri ti ń yẹ̀ lè tẹ̀ lé e.

Páìpù lásán àti ẹ̀rọ oníwáyà

Àwọn méjèèjì ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní piezometer, iṣẹ́ kan náà sì ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń wọn ìfúnpá omi nínú ilẹ̀.

Páìpù lásán, tí wọ́n ń pè ní standpipe, jẹ́ páìpù PVC tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ojú wínníwínní, tí wọ́n rì sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ògiri. Wọ́n á da iyanrìn yí ojú wínníwínní náà ká, wọ́n á sì fi bentonite, amọ̀ tó máa ń wú bí omi bá kàn án, dí òkè rẹ̀, kí omi òjò má baà gba ẹ̀gbẹ́ páìpù wọlé. Ẹni tó fẹ́ kà á á sọ téèpù tó ní irin lẹ́nu sínú páìpù náà. Bí irin bá ti kan omi, téèpù á dún, á wo iye mítà tó wà létí páìpù, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tán. Kò lo iná, kò lo síìmù, àrá kì í sì í bà á jẹ́. Ẹ lè rí páìpù àti ìdérí rẹ̀ rà ní Orílé Coker, àwọn tó ń gbẹ́ bọ́hóòlù sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ra bentonite.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra. Kí omi inú páìpù tó gòkè, omi ní láti kọ́kọ́ kúrò nínú yẹ̀pẹ̀ wọ inú páìpù. Nínú iyanrìn, ìyẹn kì í pẹ́. Nínú amọ̀ tàbí ẹrẹ̀ tó kúnná gan-an, ó lè gba ọjọ́ púpọ̀, kódà ọ̀sẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lánàá, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí òjò tó rọ̀ ni páìpù náà ṣì lè máa sọ fún yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èèyàn ní láti fẹsẹ̀ rìn dé ìdí rẹ̀. Bí ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí Marina bá ń gbé nọ́ńbà kan náà wá láti oṣù kejì tí ilẹ̀ gbẹ títí dé oṣù kẹfà tí òjò ń ya, ẹ má gbà á gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí páìpù ti dí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má lọ síbẹ̀.

Nínú ẹ̀rọ oníwáyà, tí wọ́n ń pè ní vibrating wire, wáyà irin tín-ín-rín kan wà tí wọ́n fà le. Bí ìfúnpá omi bá ṣe yí padà ni líle wáyà náà ń yí padà, ẹ̀rọ á mú kó gbọ̀n, á sì ka iye ìgbà tó gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi díẹ̀ kín-ín ló nílò kó tó dáhùn, ìdí nìyẹn tó fi ń yára sọ̀rọ̀ kódà nínú amọ̀. Ẹ lè so ó mọ́ logger, àpótí tó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń lo sólà, kí nọ́ńbà rẹ̀ máa dé orí fóònù yín ní wákàtí wákàtí. Geokon ti Amẹ́ríkà, Sisgeo ti Ítálì àti Encardio Rite ti Íńdíà wà lára àwọn tó ń ṣe é.

Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ó sì tún máa gba ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá. Bí wọ́n bá ti da sìmẹ́ǹtì àti bentonite lé e lórí nínú ihò, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ tún ṣe. Àrá lè gba wáyà rẹ̀ wọlé, torí náà ẹni tó bá tà á fún yín láìsí ohun tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrá ń ta àbọ̀ ọjà fún yín.

Ibi tí mo ti rí i tí àwọn olùrà máa ń náwó sófo jù ni agbára ẹ̀rọ, ìyẹn ìfúnpá tó ga jù lọ tó lè wọ̀n. Kilopascal ni wọ́n fi ń ka ìfúnpá: omi tó ga ní mítà 10 ń tì pẹ̀lú kilopascal 98. Ẹ̀rọ kilopascal 350 ti ju ohun tí ògiri mítà 12 nílò lọ, síbẹ̀ oníṣòwò á fẹ́ ta ti 1000 fún yín nítorí pé òun ló wà nílẹ̀. Orí àpapọ̀ agbára ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣírò àṣìṣe rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ 350 lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 ààbọ̀ omi ṣì yín lọ́nà, èyí tó jẹ́ 1000 lè fi sẹ̀ǹtímítà 10 ṣe bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kẹ́ ẹ rà? Fún dáàmù kékeré, èmi á ra páìpù lásán fún ọ̀pọ̀ ibi, màá sì fi ẹ̀rọ oníwáyà méjì tàbí mẹ́ta sí ibi tí ẹrẹ̀ ti kúnná jù tàbí tí amọ̀ wà nísàlẹ̀ ìpìlẹ̀. Bí kò bá sí ẹni gidi kan lójú iṣẹ́ tó máa ń ka páìpù, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹ̀rọ oníwáyà ni kẹ́ ẹ fi owó lé.

Irin V, tí owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo wọn lọ

Páànù irin ni, wọ́n gé àárín rẹ̀ bíi lẹ́tà V, igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 90. Wẹ́dà lè gé e fún yín. Wọ́n á fi dínà gọ́tà tó ń gba omi tó ń sun lẹ́sẹ̀ ògiri, wọ́n á sì gbé rúlà síbi tó jìnnà díẹ̀ sí páànù, ní apá ibi tí omi ti ń bọ̀, láti fi wọn bí omi ṣe ga tó ju ìdí V náà lọ. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, omi tó ń kọjá jẹ́ nǹkan bíi lítà 0.77 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá di 10, ó ti lé ní lítà 4. Omi ga ní ìlọ́po méjì, ohun tó ń jò di ìlọ́po márùn-ún ó lé. Kí ẹni tó ń kà á wọ ìbọ̀wọ́, kó bu omi náà sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó wò ó lójú oòrùn. Omi díẹ̀ tó dọ̀tí ń bà mí lẹ́rù ju omi púpọ̀ tó mọ́ gaara lọ, torí pé inú ògiri ni ìdọ̀tí yẹn ti ń jáde.

Ẹ ra igi alámì sí i, èyí tí wọ́n máa rì sínú adágún láti fi wo àlàfo tó kù kí omi tó dé orí ògiri, pẹ̀lú ìwọ̀n òjò kan. Ní Merriespruit, Gúúsù Áfíríkà, ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1994, òjò rọ̀ sórí dáàmù tí àlàfo rẹ̀ kò tó mọ́. Ògiri já, ẹrẹ̀ wọ àárín ilé, èèyàn 17 kú.

Total station, sátẹ́láìtì tàbí dróònù

Ẹ má ra total station, ẹ̀rọ tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń wọn bóyá nǹkan ti kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ ri òpó kọnkéré mélòó kan sí ògiri àti sí ilẹ̀ líle tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ máa háyà awọnlẹ̀ láti Òṣogbo lóṣooṣù. Awọnlẹ̀ tó mọ iṣẹ́ máa rí ìyípadà mílímítà mélòó kan.

Ọ̀fẹ́ ni àwòrán rédà tí sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti Yúróòpù ń yà, àkọ́kọ́ wọn sì ti gòkè láti ọdún 2014, torí náà ẹ lè wo ìtàn dáàmù yín sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà tó mítà 5 sí 20 nílẹ̀, koríko sì máa ń da rédà rú. Fún ògiri kékeré nínú igbó Ọ̀ṣun, ẹ má san owó ńlá fún ẹni tó bá ń polówó rẹ̀. Ní ti dróònù, ó dára fún àwòrán, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò.

Ìdí tí mo fi fi ìwọnmi ṣáájú wọn ni Brumadinho ní Bràsíl. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2019, ẹrẹ̀ tó dà bíi pé ó ti gan yí padà di ohun tó ń ṣàn, dáàmù já ní ọ̀sán, ó bo ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, èèyàn 270 kú. Ọjọ́ méje ṣáájú, dróònù fò kọjá lórí rẹ̀, kò sì rí àmì kankan. Irú ìjábá bẹ́ẹ̀ kì í fún ẹni tó ń wo ojú ògiri nìkan láyè.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ béèrè ìwé ìdánwò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀, torí pé láìsí i, nọ́ńbà tó bá ń wá kò ṣeé sọ di ìfúnpá. Ẹ ní kí wọ́n kà á lójú yín nínú korobá omi kí ọjà tó kúrò ní Èkó. Ẹ ra wáyà tó gùn ju ohun tí ẹnjiníà wọ̀n lọ, kí wọ́n má baà so ó nínú ilẹ̀.

Ìlànà àgbáyé lórí dáàmù ẹrẹ̀ kùsà tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 béèrè pé kí ọ̀gá àgbà kan pàtó máa dáhùn fún dáàmù, kí ẹnjiníà kan pàtó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà yẹn kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí ìdí páìpù àti irin V kọ̀ọ̀kan: èyí tó dára, èyí tí wọ́n máa fi pè é lórí fóònù, àti èyí tí wọ́n máa fi kó àwọn ará ìsàlẹ̀ dáàmù kúrò nílé lóru ọjọ́ náà láìdúró gba àṣẹ láti Marina.