Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra jẹ́sì Arsenal ní London

Ẹ̀yin ará wa tó ń bọ̀ wá kí London, ẹ la ojú yín dáadáa nídìí jẹ́sì. Ayédèrú wà káàkiri nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù olówó àlejò láàárín ìgboro, ó sì wà lórí àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san iye tí òun pè, pé ẹ ó gba VAT, ìyẹn owó orí tó wà lórí ọjà, padà ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow, gbájúẹ̀ ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021 ni wọn kò ti dá VAT padà mọ́ fún àlejò tó ra ọjà ní London tó gbé e dání lọ. Fọ́ọ̀mù yòówù kó kọ fún yín, ìwé lásán ni.

adidas ló ń ṣe jẹ́sì Arsenal láti 2019. Ẹ yí inú aṣọ náà síta, ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọn nínú. Nọ́ńbà ọjà wà níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà mẹ́rin. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Google. Tó bá jẹ́ bàtà tàbí jẹ́sì mìíràn ló gbé jáde, ẹ máa bá tiyín lọ. Tó bá sì bára mu, ẹ má tíì sanwó o, torí wọ́n ń da nọ́ńbà gidi kọ. Ẹ wo báàjì Arsenal tó wà láyà rẹ̀: ti jẹ́sì tí wọ́n ń ṣe fún olólùfẹ́, rírán ni, ti èyí táwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀, ooru iná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tó ń pe èyí tí báàjì rẹ̀ jẹ́ rírán ní ti agbábọ́ọ̀lù, tó sì ń bu owó lé e, irọ́ ló ń pa.

Ṣọ́ọ̀bù tí ọkàn balẹ̀ sí ni The Armoury, ṣọ́ọ̀bù Arsenal fúnra wọn, ní pápá ìṣeré wọn, Emirates. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Piccadilly line, kẹ́ ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Arsenal; ìrìn díẹ̀ ló kù. Ẹ má lọ lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, èrò á pa yín. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò kí wọ́n tó tẹ orúkọ sí i lẹ́yìn, torí wọn kì í sábà gba èyí tí wọ́n ti tẹ orúkọ sí padà.

Ẹ fi káàdì sanwó, ẹ gba rìsíìtì. Tó bá já sí ayédèrú, ẹ tètè kàn sí báǹkì yín pé kí wọ́n bá yín gba owó náà padà. Ẹni tó san káàsì láìgba rìsíìtì, ẹ̀rí wo ló fẹ́ mú wá?